Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni Hàlímọ̀ kọ́kọ́ fojú kan Ọláìtán, nínú yàrá kékeré kan ní Onikan tí ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń háyà fún ìpàdé. Abala ìwé kan ni Hàlímọ̀ mú dání, ìlà kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń tọ́jú ètò àkókò ìrun?"

Wọ́n nawọ́ sí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń fẹ́ ọmọ tuntun.

Ètò tó ń béèrè yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló jọ kọ ọ́, kí mọ́ṣáláṣí tó bá fẹ́ lè fi tẹ ìwé àkókò ìrun àti ìṣínu jáde lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni ló lè dà á sórí dísìkì tirẹ̀, kó ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó sì mú àtúnṣe wá. Ọláìtán ló ń tọ́jú dísìkì àgbà, tí gbogbo àwọn yòókù ti ń da tiwọn.

"Èmi ni," ó dáhùn. "Ẹ jókòó. Kí lẹ rí nínú ẹ̀?"

Hàlímọ̀ ṣàlàyé. Bàbá rẹ̀, Bàbá Jimoh, ni ládàánì mọ́ṣáláṣí kékeré kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń pe ìrun níbẹ̀, ó sì kíyè sí i pé àkókò inú ìwé tí ètò yìí tẹ̀ jáde kò bá oòrùn Èkó mu. Hàlímọ̀ fúnra rẹ̀ ń tẹ̀wé fún àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá CMS. Ìwé kan tó ti ya ló fi kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò. Nígbà tó tú ti ẹgbẹ́ wò, ó rí i pé oòrùn Ìbàdàn ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n. Ìṣẹ́jú méjì ló sì wà láàárín Ìbàdàn àti Èkó.

Ọláìtán ka ìlà náà. Ó wo ojú ọmọbìnrin náà. Ó tún wo ìlà, ó tún wo ojú.

"Òfin wa ni pé kí ènìyàn méjì ka àtúnṣe tó bá pọ̀ kó tó wọlé. Èyí tí kò bá ju ìlà mẹ́ta lọ, èmi nìkan ti tó. Ìlà kan ṣoṣo ni tiyín. Mo gbà á."

"Ẹ ò ní yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?"

"Ẹni tó rìn dé ibí nítorí ìṣẹ́jú méjì, kí la tún fẹ́ yẹ̀ wò lára ẹ̀?"

Inú Hàlímọ̀ dùn débi pé kò rántí wọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé.

Láti ìgbà náà kò sí Sátidé tí kì í lọ. Bí ìpàdé bá tú, Ọláìtán á sìn ín gba Marina, wọn á ra gúgúrú àti ẹ̀pà, wọn á máa jẹ ẹ́ lọ. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Ọláìtán, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan ní Broad Street. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí Hàlímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀, á dúró lójú ọ̀nà kó lè gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ará òkè ni," Àlímọ̀t, ìyá Hàlímọ̀, sọ. "Ṣé ó tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ eegun ẹja?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọláìtán wá kí wọn nílé ní oṣù kejìlá, Bàbá Jimoh bá a sọ̀rọ̀ oòrùn àti òṣùpá títí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé fún un fi gbóná. Bí Ọláìtán ṣe ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Hàlímọ̀, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Bí ààwẹ̀ bá parí, mo fẹ́ kí àwọn ẹbí mi wá."

"Kí wọ́n máa bọ̀, àyànfẹ́ mi," ó dáhùn, ó sì sá wọlé.

Ọjọ́ kejì ààwẹ̀, nínú oṣù kìíní ọdún 1997, ọyẹ́ bo gbogbo Èkó. Ojú sánmà funfun bí ẹfun. Bàbá Jimoh, tó máa ń fojú ara rẹ̀ wo oòrùn kó tó pe ìrun, wá a tì. Ló bá wo ìwé tí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ jáde tó sì lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́ṣáláṣí. Bí aago ṣe pé, ó pe ìrun. Gbogbo àdúgbò mu omi, wọ́n jẹ dàbínù.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí tó wà lọ́wọ́ òkè pe tirẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Dàbínù ṣì wà lẹ́nu Hàlímọ̀.

Àwọn àgbà àdúgbò yí Bàbá Jimoh ká. Ọ̀kan nínú wọn, Mọ̀núrù, ló sọ ọ́ jáde: "Ládàánì, oòrùn ò tíì wọ̀ tí o fi ní ká ṣínu. Gbogbo wa la máa tún ààwẹ̀ òní gbà."

Bàbá Jimoh ṣí fìlà rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hàlímọ̀ ṣí ètò náà ní ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn máa ń wọ̀ ní Ìbàdàn kó tó wọ̀ ní Èkó. Ìṣẹ́jú méjì ló yẹ kó fi kún un. Ó yọ méjì kúrò, àṣìṣe náà sì di mẹ́rin. Àmì kan ṣoṣo ló ṣì kọ. Ó pe Ọláìtán lórí fóònù ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì sọ fún un.

Nígbà tó máa délé nírọ̀lẹ́, Ọláìtán ti dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo ń tọ́jú dísìkì náà. Ẹ̀bi mi ni, sà."

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni mo gbà á wọlé, sà."

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹnìkan ò rí àṣìṣe kà sí mi lọ́rùn. Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tó dójú tì mí báyìí. Máa lọ."

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni Hàlímọ̀ wà. Ó fẹ́ jáde. Ó di kọ́tìnnì mú, kò jáde. Ó gbọ́ bí bàtà Ọláìtán ṣe ń lọ, ojú sì tì í ju bó ṣe ti bàbá rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lè jẹ sààrì. Lọ́jọ́ kẹrin, ó lọ bá Ọláìtán níbi iṣẹ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ pé èmi ni?"

"Ìlà ni tìẹ, ẹnu ọ̀nà ni tèmi. Ká ní mo kà á ni, mo máa rí i. Ojú rẹ ni mò ń kà lọ́jọ́ náà." Ó mí kanlẹ̀. "Tí Bàbá bá bínú sí mi, mo níbi tí mo lè lọ. Ìwọ ńkọ́? Inú ilé kan náà lẹ jọ ń gbé."

Hàlímọ̀ sunkún lọ sílé. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Bàbá Jimoh yíjú sí i. "Nígbà tí mo ń lé e, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"O sì dákẹ́."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ìdákẹ́ yẹn dùn mí ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ." Ó na ọwọ́, ó gbé e dìde. "Èmi náà ṣì í ṣe. Ọjọ́ tí mi ò rí oòrùn, ó yẹ kí n dúró. Kíkọ lo kọ ọ́, èmi ni mo pè é."

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, àwọn méjèèjì jọ dúró níwájú Mọ̀núrù àtàwọn àgbà, Hàlímọ̀ sì fẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ gbóná ní Onikan. Ọláníyì, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ní kí wọ́n má gba nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ìlà kan ṣoṣo wá.

"Ẹni tó mú ìlà kan wá lónìí lè mú ọgọ́rùn-ún wá lọ́la," Hàlímọ̀ sọ. "Ẹ má lé e. Ẹ ṣáà bá a kà á. Ká ní ẹ bá mi ka tèmi ni, ojú ìbá má tì wá."

Wọ́n jiyàn títí. Ní ìparí, wọ́n gbà pé ì báà jẹ́ àmì kan ṣoṣo, ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kà á. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó mú un wá dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Bàbá Jimoh fi kan ilẹ̀kùn.

"Mi ò mọ kọ̀ǹpútà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ka àkókò oṣù yìí sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ọláìtán mú ìwé tí wọ́n ti tún ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bàbá ń mi orí sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ní kó tún un kà. Nígbà tó parí, Bàbá Jimoh wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ó péye. Ìgbà wo làwọn ẹbí ẹ ń bọ̀?"

Ìwé ọwọ́ Ọláìtán bọ́ sílẹ̀. Hàlímọ̀ fi gèlè bojú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni wọ́n so yìgì wọn ní mọ́ṣáláṣí kékeré náà. Àlímọ̀t fúnra rẹ̀ ló yọ eegun ẹja fún ọkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àkókò ìrun tó, Bàbá Jimoh dìde láti pè é. Ayọ̀ mú kí ohùn rẹ̀ gé láàárín. Mọ̀núrù àtàwọn àgbà dúró dè é títí ó fi rí ohùn náà padà, ó sì pè é parí.