Àpótí Bàbá Àsíátù

Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni Hàkímù fi ń na àpótí ìjókòó tuntun lẹ́bàá títì Ikpinlè, nígbà tó gbójú sókè tó rí ọmọbìnrin kan tó ru bídọ̀n epo pupa. Epo ti ta sí i lọ́rùn, ó ń dán nínú oòrùn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni àpótí yìí fi ṣe yín?"

Hàkímù ní gbẹ́nàgbẹ́nà lòun. Àwọn tó ń ya fíìmù ní Tatonnonkon ló fẹ́ àpótí tó ti gbó. Ó ti fi eérú pa á, ó ti fi dúdú ìdí ìkòkò kùn ún. Ọmọbìnrin náà, Àsíátù, sọ ẹrù kalẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àpótí kì í gbó dọ́gba: ibi tí ìdí ń gbé ló ń dán, ibi tí ẹsẹ̀ ń gbá ló ń họ. Kó wá wo ti bàbá òun.

Bàbá rẹ̀, Àbúdùlàhí, àgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, yá a ní àpótí náà. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé ló rà á fún un. Hàkímù gbẹ́ irú rẹ̀, Àsíátù sì ń wá bá a fi yanrìn ha igi, ó ń pè é ní Ọ̀gá Anàpótí. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ìfẹ́ ọmọ náà ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì sọ fún un. Àsíátù ní òun gbà, ó ku bàbá òun.

Àwọn onífíìmù wá gbé àpótí wọn; àṣé ojúlówó ni wọ́n gbé lọ, nítorí méjèèjì ti jọra jù. Ìgbà tí bàbá gba tirẹ̀ padà, tó dojú rẹ̀ dé kó lè gbọn eruku rẹ̀, ni Hàkímù rí àmì tí òun fi pẹ́ńsù fà sábẹ́ ayédèrú. Ó sáré dé Tatonnonkon. Wọ́n ti dáná sun àpótí náà nínú eré.

Félicien ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó panu mọ́. Ta ni yóò fi ọmọ fún ẹni tó jẹ́ kí ẹ̀bùn olóògbé jóná? Hàkímù panu mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti lọ kí bàbá, tó rí i lórí àpótí náà, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹsẹ̀ àpótí náà. Ọjọ́ méjìlá rèé. Lọ́la ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ Àsíátù. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá.

"Bàbá, èyí kọ́ ni tiyín. Tiyín ti jóná. Èmi ni mo fà á."

Bàbá dìde, ó fọwọ́ mi àpótí náà. Ó wá ní tòun máa ń mì lápá òsì, ọdún mọ́kàndínlógún lòun fi ń gbé ara sí ọ̀tún. Èyí dúró ṣinṣin. Ọjọ́ kìíní gan-an ni ìdí òun ti mọ̀.

"Ọwọ́ rẹ lè sọ tuntun di àtijọ́, iṣẹ́ nìyẹn. Ẹnu rẹ ni mo ń dúró dè. Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀ lọ́la."

Àsíátù wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n. Òun náà ti mọ̀. Bàbá ló ní kò gbọdọ̀ sọ.

"Ọjọ́ méjìlá ni mo fi ń wo ẹnu yín," ó ní. "Ká ní ẹ dákẹ́ ni, ǹ bá kọ̀ yín, ẹ ò sì ní mọ ìdí rẹ̀."

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n so yìgì. Bàbá jókòó lórí àpótí tí kì í mì, ó gbé ara sí ọ̀tún.