Áńtẹ́nà Tó Ga Ju Ṣọ́ọ̀ṣì Lọ

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fi mọ́tò dí ẹnu ọ̀nà, kó wá gbé e kúrò."

Ohùn Alfa Sàláwù nìyẹn, àmọ́ inú sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti jáde, lásìkò tí Pásítọ̀ Adéníjì pa máìkì rẹ̀ kí ìjọ lè gbàdúrà jẹ́jẹ́. Gbogbo àdúgbò Orozo ló gbọ́ ọ. Bóyá àwọn ará Karshi lọ́hùn-ún náà gbọ́. Díákónì méjì tiẹ̀ dìde lọ wo mọ́tò wọn.

Bámiṣayọ̀, ọmọ Pásítọ̀, tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn, fọwọ́ bojú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, òun ló kọ́ àwọn òyìnbó bí wọ́n ṣe ń ṣe rédíò. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú u dé góńgó. Sọ́ńdè kẹrin rèé tí èyí ń ṣẹlẹ̀, látìgbà tí àwọn Mùsùlùmí tó ń ṣe Àsàlátù lẹ́yìn fẹ́ǹsì ti ra máìkì aláìníwáyà, irú ti ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́lẹ́, láti ṣọ́ọ̀bù kan náà.

Èyí tó wá ń bà á lẹ́rù ni Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ máa jẹ́rìí. Oṣù méje ni ohùn ò fi jáde lẹ́nu obìnrin náà lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́rùn. Ohùn yẹn ti ń padà báyìí, àmọ́ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Bámi, láìsí máìkì, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ mi," ìyá rẹ̀ sọ fún un. "Ìwọ ni mo gbójú lé."

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n á gbọ́ yín dé Ushafa."

Lọ́sàn-án Sátidé, Khàdíjàt, ọmọ Alfa, pè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, òun ló sì ń bójú tó ẹ̀rọ Àsàlátù.

"Ìkànnì kìíní làwa méjèèjì wà," ó ní. "Bọ́tìnì tá a fi ń yí ìkànnì lára tiwa ti kú, kò ṣeé yí. Tiyín ṣeé yí. Pa máìkì, kó o gbọ́ ìkànnì yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dákẹ́, bọ́ síbẹ̀. Ṣé o ò rántí ohun tí Ọ̀gá Ọbayẹmí kọ́ wa ni? Rédíò tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ iwájú á máa dá a ṣe fúnra rẹ̀: á kọ́kọ́ fetí sílẹ̀, á wá ibi tó ṣófo, tí onílé bá sì dé, á kó kúrò."

"Àwa la kọ́kọ́ dé àdúgbò yìí. Kí èmi Bámiṣayọ̀ wá máa sá kiri nítorí bọ́tìnì yín?"

"Kai. Iṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ní kó o lò, mi ò ní kó o kó jáde nílé." Ó pòṣé, ó lọ.

Dípò iṣẹ́jú mẹ́wàá, odindi ìrọ̀lẹ́ ni Bámiṣayọ̀ lò. Ó lọ tọrọ òpó irin lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan ní Apo, ó so áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n mọ́ orí rẹ̀, ó sì fa wáyà rẹ̀ wọnú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn máìkì. Òpó náà ga débi pé ẹyẹ ń yà fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ dìde, ó di máìkì mú.

"Ẹ̀yin ará, oṣù méje..."

Sípíkà dún gàràgàrà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pẹ́ dé, ẹ ò tiẹ̀ tijú," ni Alfa wí, ohùn rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po ogún.

Ìyá rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. "Nígbà tí dókítà..."

"Ìrẹsì ti tán, ẹ má wulẹ̀ tò mọ́."

Ẹ̀rín bú. Japheth onígìtá ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Bámiṣayọ̀ wo sípíkà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó rọra fi máìkì sórí tábìlì, ó lọ jókòó. Bámiṣayọ̀ ì bá fẹ́ kó kúkú gbá òun létí.

Ó sáré lọ pe Khàdíjàt sídìí fẹ́ǹsì. Khàdíjàt wo òpó náà látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀rọ wo lo so ó mọ́?"

"Èyí tó ń gba ohùn."

"Háà, ìwọ ọmọ yìí. Etí lo mú tóbi, kì í ṣe ẹnu. Bàbá mi lo wá ń gbọ́ ketekete."

Bámiṣayọ̀ yọ wáyà náà, ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó dín ohùn sípíkà kù, ó sì fetí sílẹ̀. Lórí ìkànnì kẹta, àwọn ọlọ́dẹ ẹ́sítéètì ń sọ Hausa. Ìkarùn-ún dákẹ́ rọ́rọ́. Ó yí máìkì síbẹ̀. Kò tó iṣẹ́jú márùn-ún.

"Mọ́mì, ó ti dáa."

Ìyá rẹ̀ mi orí. Ohùn tó kù lọ́rùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. "Ó ti tán fún tòní. Ṣé o ò lè ṣe é lánàá ni?"

"Khàdíjàt sọ fún mi. Mi ò gbọ́."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyá rẹ̀ fi tún dúró. Ní Sọ́ńdè yẹn, Bámiṣayọ̀ dé ṣáájú gbogbo èèyàn, ó pa máìkì, ó fetí sí ìkànnì karùn-ún títí ó fi dá a lójú pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó ti wá yé e pé afẹ́fẹ́ tó gbogbo wa, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tó kan ìyá rẹ̀, ó gba máìkì, àmọ́ kò tíì sọ̀rọ̀. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o ti fetí sílẹ̀?"

"Mo ti fetí sílẹ̀, mà."

Ó wá la ẹnu. Ohùn rẹ̀ kéré, ó há díẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn fẹ́ǹsì, Alfa ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Òpó irin áńtẹ́nà náà ti di ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí.