Màmá Ẹni Ọdún Méjìdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọkùnrin náà ni Láwùmí kọ́kọ́ rí. Àmì ìbí kan gbà á láti abẹ́ ojú dé àgbọ̀n, ó pọ́n bí omi sóbò, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ sì là á kọjá bí ipa èèrà. Ọkùnrin náà ti kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí sí ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì wà.

"Adégbénró? Ẹ dìde, ó ti kàn yín. Ẹ pẹ́ dé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti ṣòfò."

Ohùn náà le bí ohùn ọ̀gá ilé ìwé. Fìlà iṣẹ́, ìbòmú àti awò ńlá sì bo ojú ẹni tó ni ín. Adégbénró tẹríba.

"Ẹ má bínú, Màmá."

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Láwùmí. Ilé ìwòsàn awọ ara kan ní Bódìjà ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì máa ń di ẹ̀rọ lésà mú. Ó ní kí ọkùnrin náà dùbúlẹ̀, ó bo ojú rẹ̀ méjèèjì, iná lésà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ yẹ̀rì.

"Yéè! Màmá, ó ń ta mí bíi rọ́bà!"

"Rọ́bà kì í pa àgbàlagbà."

"Ṣé àmì yìí máa lọ tán?"

"Àwọ̀ rẹ̀ máa ṣá, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ní ó máa lọ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irọ́ ló ń pa."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ò tàn mí. Àwọn ọmọ yín ń gbádùn yín o."

Dókítà Ayẹni, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú Adégbénró, Láwùmí ti bọ́ ìbòmú àti awò. Ọkùnrin náà la ẹnu sílẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ni… Màmá?"

"Èmi náà ni. Àwọn ọmọ mi ní kí n kí yín."

Báyìí ni orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà tí Adégbénró ń wá, Màmá ló ń pè é, "ẹ" ni àwọn méjèèjì sì ń fọ̀ síra wọn bí àwọn àna. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọ̀ àmì náà ti ń ṣá, ẹ̀rín Adégbénró sì ti ń gbòòrò. Láwùmí ń yà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì rẹ̀ ní Agbowó lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á jọ jẹ bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà. Ibẹ̀ ló ti rí i pé Adégbénró to ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́nà tí àwọn oníbàárà á fi máa rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan.

Láwùmí kò sọ̀rọ̀ sí i, nítorí òun náà ní ohun tó ń bò. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọdún méjì ló fi kun ìpara tí wọ́n pò pọ̀ fún un pé yóò sọ ọ́ di pupa. Ìpara náà fi dúdú-dúdú àti iṣan pupa wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ti pa á tì láti ọdún méje, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò lọ. Ní àràárọ̀ ló ń fi àtíkè bò ó. Ó ń tún ojú ayé ṣe, ó ń fi tirẹ̀ pamọ́.

Lọ́jọ́ kan, Adégbénró ní, "Màmá mi ní kí n mú ìyàwó wálé. Ìyá tó bí mi ni mò ń wí o, kì í ṣe ẹ̀yin. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ni mo lè mú wá, àfi obìnrin tó bá bóra. Wọ́n ní ẹni tó bá lè tan awọ ara rẹ̀ jẹ, á tan ọkọ jẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, Láwùmí kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àkókò ìtọ́jú Adégbénró tún tó, Dókítà Ayẹni ló ṣe é.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sú Láwùmí. Ó kórìíra kí nǹkan máa ṣòfò, omijé sì wà lára ohun tó ń ṣòfò. Tó bá jẹ́ àtíkè ni ọkùnrin náà fẹ́ràn, kó lọ fẹ́ àtíkè! Ó fi ọṣẹ fọ ojú rẹ̀ mọ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Agbowó lọ́sàn-án gangan, ó sì dúró níwájú Adégbénró.

"Ẹ wò mí dáadáa. Ìpara ló ṣe é. Mo bóra. Ẹ lọ sọ fún ìyá yín."

Adégbénró wò ó títí. Ẹ̀rọ ń pọ bébà jáde, ojú ìwé kan náà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nígbà ogún.

"Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn! Bébà ń ṣòfò."

Ẹ̀rín gbọn Adégbénró. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó wá fi èjìká tì í yí padà, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì òun fúnra rẹ̀ fi kọjú sí títì.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi sá fún ojú èèyàn níbí," ó ní. "Ta ni mo fẹ́ dá lẹ́jọ́? Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀ fún mi."

Ìyá náà gbọ́, ó sì bínú fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá, kó má kun nǹkan kan sójú. Láwùmí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó wò ó lọ́tùn-ún lósì.

"Ẹni tó lè gbé ojú báyìí wá bá mi," ó ní, "kò lè tan ọmọ mi jẹ. Dìde, ìyàwó mi."

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Láwùmí fúnra rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní Bódìjà, wọ́n bo ojú rẹ̀, Dókítà Ayẹni sì di lésà mú.

"Ẹnì kan ti wọ awò, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé kó wọlé?"

"Kó wọlé."

Ọwọ́ kan tó ń rùn yíǹkì fọ́tókọ́pì di tirẹ̀ mú.

"Láwùmí." Kò sí Màmá níbẹ̀, kò sí "ẹ". "Ṣé o máa fẹ́ mi?"

"O" yẹn ta á ju rọ́bà lọ. Ó fún ọwọ́ náà mọ́ra.

"Bàbá, màá fẹ́ ẹ. Dókítà, ẹ tan iná yẹn jàre. Àkókò ń ṣòfò."