Nọ́ńbà Ọkọ̀ Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn Ààrò

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ sí Gagi ní Sókótó, kó béèrè ilé Kúbúrá oníbúrẹ́dì. Wọ́n á fi hàn án. Ààrò rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé, páànù nọ́ńbà ọkọ̀ náà sì wà lára ilẹ̀kùn ààrò títí di òní. Ohun tí ojú obìnrin náà rí nínú oṣù ààwẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní fi iyọ̀ sí i. Kò tilẹ̀ nílò iyọ̀.

Ọjọ́ kẹwàá ààwẹ̀ ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán. Kúbúrá ń wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ kọjá ní Kofar Marke, búrẹ́dì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé òrùlé. Ọlọ́pàá kan na ọwọ́ sí i. Ó dúró.

"Sannu, Hajiya. Ina takardun mota?"

Kúbúrá kó ìwé ọkọ̀ fún un. Ìwé pé, kò sí èyí tó ti kú nínú wọn. Ọlọ́pàá náà ka orúkọ tó wà níbẹ̀, ó sì yí ohùn padà sí Yorùbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni. Akínbọ̀dé lorúkọ rẹ̀, sájẹ́ǹtì ni.

"Bùsàrí Àdìó. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá?"

"Ọkọ mi ni. Orúkọ rẹ̀ ni mo fi sọ ilé búrẹ́dì wa. Ó ti di olóògbé, ọdún kẹta rèé."

"Ọlọ́run á forí jì wọ́n." Ó wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọkọ̀ yín kejì ńkọ́?"

"Ọkọ̀ kejì wo?"

Ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí i. Nọ́ńbà ọkọ̀ kan ló wà níbẹ̀. Ó parí sí 418.

Kúbúrá dá nọ́ńbà náà mọ̀. Àmọ́ obìnrin tó ti lo ọdún méjìdínlógún ní Sókótó, tó ń bá àwọn alápatà ọjà ẹran Kasuwar Kara dúnàádúrà lówùúrọ̀ kó tó ta búrẹ́dì fún wọn, kì í jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n níwájú ẹni tó wọ aṣọ ìjọba. Ó ní, "Ọkọ̀ yẹn ò sí láyé mọ́. Wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́."

"Kámẹ́rà ń kà á lójoojúmọ́, Màmá."

Ọdún yẹn ni wọ́n gbé kámẹ́rà sórí òpó gíga lójú ọ̀nà tó lọ láti Kofar Marke sí Gagi. Mẹ́rin ni. Ọkọ̀ tó bá kọjá lábẹ́ wọn, wọ́n á ka nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á sì sọ fún àwọn ọlọ́pàá bóyá ìwé rẹ̀ pé tàbí kò pé. Ìwé 418 ti kú láti ọdún mẹ́ta. Síbẹ̀, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí ládàánì bá ti ń pe ìrun Mọ̀gàríbì báyìí, 418 á kọjá. Kì í dúró fún iná pupa.

"Ẹ gbé ìyẹn wá, kí ẹ gba èyí," Akínbọ̀dé wí. "Àṣẹ ọ̀gá mi ni. Ẹ má bínú."

Bí wọ́n ṣe gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Kúbúrá nìyẹn. Búrẹ́dì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí tapólì, oòrùn ń pa á.

Kí ó lè yé ẹni tó ń kà á: ààwẹ̀ ni ọjà búrẹ́dì. Ohun tí wọ́n bá tà ní ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn ló ń gbé ilé búrẹ́dì náà dé ọdún tó ń bọ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń jẹun nídìí ààrò yẹn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ò lè kó ìdá mẹ́rin ohun tí bọ́ọ̀sì ń kó, oníbàárà tí kò bá sì rí búrẹ́dì lónìí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni yóò yà sí lọ́la. Bí bọ́ọ̀sì ò bá jáde, ààrò á kú. Kúbúrá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì ti pinnu pé ààrò Bùsàrí ò ní kú lójú òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kó máa lọ, kò lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, Akínbọ̀dé mú àwòrán jáde fún un.

Bọ́ọ̀sì funfun ni, ilà àwọ̀ ewé kọjá ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì tẹ̀ wọnú. Kúbúrá mọ ibi tó ti tẹ̀. Màlúù ló kọlù ú ní Kasuwar Kara, Bùsàrí sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ṣàròyé nípa màlúù náà. Gíláàsì iwájú mọ́ kedere. Ibi tí awakọ̀ ń jókòó ṣókùnkùn.

"Kámẹ́rà Kofar Marke nìkan ló kọ́kọ́ ń kà á," Akínbọ̀dé wí. "Ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Lẹ́yìn náà, ó dé èkejì. Lánàá, ó dé ẹ̀kẹta."

"Ẹ̀kẹrin ńkọ́?"

"Ẹnu ọ̀nà Gagi ni. Kò tíì débẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò ní kámẹ́rà mọ́." Ó gbé ojú kúrò lára àwòrán náà. "Ibo lẹ ń gbé, Màmá?"

Kúbúrá dá àwòrán náà padà fún un.

"Gagi," ó ní.

Ó mú sájẹ́ǹtì náà lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìjàǹbá ló pa Bùsàrí, ní Kofar Marke, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ààwẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó àlùbọ́sà ló kọlù ú, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Mọ̀gàríbì. Nígbà tí àwọn panẹbítà gé bọ́ọ̀sì náà tán, páànù nọ́ńbà kan péré ni Kúbúrá mú níbẹ̀. Òfin ní kó dá a padà fún ìjọba. Kò dá a padà. Ilẹ̀kùn ààrò ti lu nígbà náà, èéfín ń gba ibẹ̀ yọ. Abdulfatai, àgbà òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ààrò, wo páànù yẹn, ó ní yóò gba ojú ihò náà. Kúbúrá ní kó fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ọn. Ó fẹ́ kí nǹkan kan tó jẹ́ ti ọkọ òun wà nídìí iṣẹ́ náà. Ohun tó ṣe ò ju ìyẹn lọ.

Abdulfatai fi aṣọ di ọwọ́, ó fa ilẹ̀kùn ààrò sọ́dọ̀ wọn. 418 rèé. Akínbọ̀dé wo nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìpáàrà ti so wọ́n pọ̀, kò sí ẹni tó lè tú wọn. Ó fi ìka kan páànù náà. Eruku pupa ló bá ìka rẹ̀ jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ ọn. Kòkòrò kéékèèké ti lẹ̀ pẹ́típẹ́tí mọ́ ojú páànù náà, irú èyí tó máa ń kú sí iwájú ọkọ̀ tó bá ti ìrìn àjò dé.

"Èéfín ló yẹ kó wà níbẹ̀," Abdulfatai wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èéfín nìkan ni. Mo nù ún lánàá."

Akínbọ̀dé nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó tún un nù.

"Mi ò lè kọ èyí sínú ìwé, Màmá. Ọ̀gá mi ní bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí kámẹ́rà ò kà á, kí n tú ọkọ̀ yín sílẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí i," Kúbúrá wí.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì lọ dúró sábẹ́ kámẹ́rà kẹta. Ẹni tó bá ti gbé Sókótó nínú ààwẹ̀ mọ bí títì ṣe máa ń rí ní àsìkò yẹn. Gbogbo ayé á sáré, sáré, sáré. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ á pa. Kò sí ọkọ̀. Kò sí ọ̀kadà. Àwọn tó ń dín àkàrà kọ̀sẹ́ ti jókòó ti abọ́ wọn, ọwọ́ wọn wà lórí dàbínù, wọ́n ń retí. Àgùntàn mẹ́ta dùbúlẹ̀ sáàárín títì.

Ládàánì gbé ohùn sókè.

Àwọn àgùntàn náà dìde. Wọn ò sáré. Wọ́n kàn rọra bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n kọjú sí ibì kan náà, bí ìgbà tí wọ́n ń yà fún ọkọ̀. Atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ lu Kúbúrá lójú. Òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ààrò bá atẹ́gùn náà wá. Ó kọjá lọ.

Ẹ̀rọ ọwọ́ Akínbọ̀dé dún lẹ́ẹ̀kan. 418.

"Màmá, ẹ rí nǹkan?"

"Mi ò rí. Mo gbóòórùn."

Sájẹ́ǹtì náà ò lè jẹ dàbínù ọwọ́ rẹ̀.

Kúbúrá ò sùn dáadáa lóru yẹn. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àní fún Fathiat, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé ní Ìlọrin. Bùsàrí kì í ṣínu níta. Bó ti wù kó pẹ́ tó, yóò dé ẹnu géètì, yóò fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kúbúrá á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á ṣí géètì, á gbé abọ́ dàbínù àti kunu fún un níbi tó jókòó sí nínú ọkọ̀. Àṣà wọn nìyẹn. Lọ́jọ́ tó kú, inú ń bí Kúbúrá. Ọjọ́ kẹta rèé tí ọkùnrin náà ń ṣèlérí pé òun á tètè dé. Bí wọ́n ṣe pe ìrun, ó gbọ́ fèrè lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu géètì. Ó ní nínú ara rẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ kó ṣí i fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó jẹ dàbínù tirẹ̀. Nígbà tó wá dìde lọ ṣí i, kò sí ẹnikẹ́ni níta. Fóònù ló dún. Wọ́n ní Bùsàrí ti kú sí Kofar Marke, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun.

Ta ló wá fọn fèrè? Ọdún mẹ́ta ló ti ń bi ara rẹ̀. Ó dùn ún dé egungun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti mọ ohun tí yóò ṣe. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ ṣínu ní mọ́ṣáláṣí. Jummai tó ń ta dàbínù ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Abdulfatai. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Haba, Hajiya! Wá sọ́dọ̀ mi. Ti ilé pa, wá."

"Ilé mi ni, Jummai. Ọkọ̀ mi ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọn dàbínù fún mi."

Jummai wọn dàbínù fún un. Ó bu lé e, kò gba owó. "A sha ruwa lafiya," ó wí, àdúrà pé kó ṣínu ní àlàáfíà, kò sì wo ojú rẹ̀.

Oòrùn wọ̀. Kúbúrá fa apá géètì méjèèjì sẹ́yìn. Ó dúró sáàárín, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ládàánì pe ìrun. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n.

"Ó ti kọjá ẹ̀kẹrin!" Akínbọ̀dé ń mí hẹlẹ. "Màmá, ẹ ti géètì yín o!"

"Mo ti ṣí i," Kúbúrá wí. Ó pa fóònù.

Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fèrè dún lẹ́ẹ̀mejì níwájú rẹ̀ gan-an, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ. Kúbúrá fi ọwọ́ méjèèjì di abọ́ mú. Kò kúrò. Ó na abọ́ náà síwájú, sí ibi tí fèrèsé awakọ̀ máa ń wà.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Fathiat," ó ní. "Ẹ má bínú sí mi."

Ooru kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Etí híjáàbù rẹ̀ fẹ́ sínú ọgbà. Abọ́ fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wò ó. Ó yí padà, ó ti géètì.

Nígbà tí Abdulfatai dé láti mọ́ṣáláṣí, ó lọ wo ààrò. Èéfín ti bo páànù náà dúdú kirikiri, bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Kò sí eruku, kò sí kòkòrò.

Ọjọ́ kan kọjá. Ọjọ́ kejì kọjá. Ọjọ́ kẹta kọjá. Kámẹ́rà kankan ò ka 418. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ààwẹ̀ ni Akínbọ̀dé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì wá fún Kúbúrá ní àgọ́. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀ kíákíá.

"Màmá. Ibo ló wà báyìí?"

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi, Sájẹ́ǹtì."

Ó fún un.

Kúbúrá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Ó ti fi àgádágodo ti géètì láti ìta, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ, kò sí ẹ̀dá kan nílé. Ó gbé búrẹ́dì dé gbogbo ibi tí Bùsàrí máa ń gbé e dé, Kasuwar Kara ló kẹ́yìn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, "Mai burodi! Mai burodi!" Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ̀ pé oòrùn ti ń wọ̀. Ó pẹ́. Ó sáré kọjá lábẹ́ kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títì ti dá.

Ó dé ẹnu géètì bí ládàánì ṣe gbé ohùn sókè. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo wà lórí itan rẹ̀. Ó ní kí òun sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí fèrè, kò mọ ìdí. Kò tíì tẹ̀ ẹ́.

Géètì ṣí láti inú. Apá méjèèjì jọ fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ṣí i. Ọgbà ṣófo. Àgádágodo ṣì wà lójú ibi tó fi í sí, ó wà ní títì.

Kúbúrá jókòó, ó ń wo inú ilé. Ó rọ fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ síta, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, bí Bùsàrí ṣe máa ń retí abọ́ dàbínù rẹ̀.

Ó wa ọkọ̀ wọlé.