Olú Rere Tí Sìlífátù Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Pa

Ọjọ́ kan péré ni ọ̀rọ̀ náà fi pẹ́. Láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí iná dé sí Ṣàngótẹ̀dó tí fóònù Sìlífátù jí, ohùn Àǹtí Fúnláyọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́, tó ti fi ránṣẹ́ láti àná ló kọ́kọ́ jáde: "Sìlífátù, mo gbọ́ pé tòmátò rẹ ń rọ. Jọ̀wọ́, má da òògùn kankan sílẹ̀ yẹn o! Mò ń bọ̀."

Sìlífátù rọra jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni. Lánàá, kí wọ́n tó lọ kírun Jímọ̀, ó ti da òògùn inú rẹ̀ tán sídìí gbogbo tòmátò oko náà. Mùnírù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta ilẹ̀, ló bá a rà á l'Ájàh. Ẹni tó tà á ní kò sí àrùn inú ilẹ̀ tí kò lè pa.

Oko yìí nìkan ló kù nínú ilẹ̀ bàbá wọn; ilé ti yí i ká. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Mùnírù ti sọ pé, "Bí tòmátò yìí bá tún kú, wàá fọwọ́ síwèé, ká ta ilẹ̀ yìí." Sìlífátù sì ti dáhùn pé ó dáa.

Nígbà tí Àǹtí Fúnláyọ̀ dé, ó fa tòmátò kan tu. Nǹkan funfun bí òwú yí ìdí rẹ̀ ká, àwọn hóró rúsúrúsú tí kò ju irúgbìn tẹ̀tẹ̀ lọ sì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ohun tó ń pa á nìyí. Ìbátan olú ni, inú ilẹ̀ ló ń gbé. Hóró yìí lè sùn síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó tó jí. Àwọn tó kọ́kọ́ rọ ńkọ́?"

"Mo rì wọ́n mọ́nú ebè, kí wọ́n di ajílẹ̀. Bí ìyá wa ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Áà! O sin olè sínú ilé, o tún gbé oúnjẹ tì í."

Sìlífátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀. "Lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé tí ẹ ní ká pò mọ́ ajílẹ̀ ńkọ́, àǹtí? Traikodẹ́mà yẹn?"

"Olú lòun náà, ṣùgbọ́n olú rere. Ìdí gbòǹgbò ló ń gbé, á lọ́ mọ́ olú burúkú, á máa jẹ ẹ́. Kì í ṣe idán o, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Òògùn tó o dà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ohun abẹ̀mí la fi sílẹ̀, o wá fún un ní májèlé."

"Ṣé ó ti tán nìyẹn?"

"Kò tán. Fa gbogbo èyí tó rọ tu tìdítìdí, kó wọn sápò, sun wọ́n. Fọ ọkọ́ rẹ kó o tó wọ ebè mìíràn. Gbin àgbàdo síbẹ̀ ná. Àrùn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ àgbàdo lẹ́nu. Tó o bá kórè, po olú rere mìíràn mọ́ ajílẹ̀ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, gbé e síbòòji, kó o wá fi sínú ihò kó o tó gbin tòmátò. Má da òògùn lé e mọ́."

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni Sìlífátù ń fà, tó ń kó, tó ń sun. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin nǹkan, ẹ wo oko yìí kẹ́ ẹ fi kọ́gbọ́n. Irè tí àìsàn pa kì í ṣe ajílẹ̀. Òògùn líle kọ́ ni òògùn gbogbo àrùn. Ẹ fa ọ̀kan tu, ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ bi ẹni tó mọ̀, kẹ́ ẹ tó da ohunkóhun sílẹ̀.

Èéfín ṣì ń rú nígbà tí Mùnírù páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, tó rìn wọnú oko tòun tìwé lọ́wọ́.

"Sílí, ṣé mo wí àbí n ò wí? Ilé ló ń hù ládùúgbò yìí, tòmátò kì í hù mọ́. Gba bírò."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ò ṣẹ̀ wá. Èmi ni mo ri àrùn mọ́ ọn, èmi náà ni mo pa ohun tó ń dáàbò bò ó."

"O ti ní ó dáa tẹ́lẹ̀!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bínú sí mi, ẹ lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n mi. Àgbàdo ni mo máa gbìn síbẹ̀ lọ́la."