Ihò Orí Ògiri Ilé Kọfí

Ikú tó pa Àbíkẹ́yìn kò kan ilẹ̀kùn, kò wúkọ́, kò sì kí ará ilé. Ọmọkùnrin náà sùn ti kọfí lálẹ́, ara rẹ̀ le bí àpáta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá a lórí ẹní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí èso kọfí tó tó ká, kò sí ọgbẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ẹ̀mí. Adìyẹ tó ń sàba ní igun yàrá kan náà kú sórí ẹyin rẹ̀.

Orí òkè ni abúlé náà wà, ó ga débi pé àkùkọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó kọ, kí ògbe rẹ̀ má baà gbá ojú ọ̀run. Kọfí ni wọ́n ń gbìn, kọfí ni wọ́n ń jẹ, kọfí ni wọ́n ń lá lálàá. Lọ́dún tí à ń wí yìí, òjò rọ̀ títí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ fi ń wá ibi gbígbẹ sá sí. Kọfí tí wọ́n ti bó tí wọ́n ti fọ̀ kò rí oòrùn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, inú yàrá ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, lórí pẹpẹ, wọ́n á gbé agbada ẹyin iná èédú sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì sùn tì í kí wọ́n lè máa yí i padà. Òtútù òkè ò dáa, nítorí náà gbogbo ará ilé ló ń rọ́ lọ síbẹ̀.

Gbogbo wọn, àfi Ìyá Oníkọ́, ìyá tó bí Dáwódù, baálé ilé náà, tó sì bí Àbíkẹ́yìn tó kú. Ikọ́ rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sínú garawa. Ó di ọdún mẹ́ta tó ti kó ẹní rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àwọn tó kù lè rí oorun sùn.

Ọ̀rọ̀ òwìwí kan sì wà ńlẹ̀. Ihò kan wà lókè ògiri yàrá kọfí, ó tó orí èèyàn, bàbá Dáwódù tó ti di olóògbé ló lu ú síbẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, òwìwí gba ibẹ̀ wọlé, ó yàgbẹ́ sórí kọfí. Dáwódù ní ẹyẹ àjẹ́ ò ní sọ ilé òun di ṣáláńgá. Ó po amọ̀, ó dí ihò náà pa. Òru ọjọ́ kejì ni Àbíkẹ́yìn, ẹni tó sùn sún mọ́ agbada iná jù, kú.

Wọ́n ní inú ló bí ẹyẹ náà. Dáwódù wá dí ojú fèrèsé, ó ki àkísà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Bó ṣe ń dí i tó ni àìsàn ń pọ̀ tó. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí àti èébì láràárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa omi lórí.

Aládùúgbò wọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìwọ ṣáà máa gbọ́ ni. Ó wá bá ìyàwó Dáwódù níbi tó ti ń ṣa kọfí.

"Ìyàwó, mi ò sọ nǹkan kan o. Ìbéèrè lásán ni. Nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti ń ṣàìsàn, ara ta ló le?"

"Ti ìyá ọkọ mi."

"Ẹnu mi kọ́ ló ti jáde o. Ìwọ lo sọ ọ́."

Ìyá Oníkọ́ wà lẹ́yìn òkìtì èèpo kọfí, ó ń gbọ́. Kò dìde. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó jà lọ. Eku mẹ́ta ló gbá jáde nínú yàrá kọfí láàárọ̀ ọjọ́ náà, òkú ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò de pàkúté. Ó ń rò ó pé, àjẹ́ wo ló ń jẹ eku?

Nírọ̀lẹ́, Dáwódù wá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí nǹkan kan ò ṣe ẹ̀yin?"

"Ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀."

"Èèyàn òkè yìí, ẹnu mẹ́ta mẹ́ta ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?"

Dáwódù ní, "Mo ti ránṣẹ́ pe Olójú-Méje. Bó bá lè jẹ́ ẹ̀yin ló dárúkọ, Màmá, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí lọ́jọ́ náà gan-an."

"Lọ sí ibo? Bàbá rẹ wà nílẹ̀ ibí. Àbúrò rẹ wà nílẹ̀ ibí."

Dáwódù wọlé lọ. Ìyá Oníkọ́ di aṣọ rẹ̀ méjì àti àwo rẹ̀ kan sínú ìdì kékeré, ó fi í rọrí.

Olójú-Méje dé lọ́jọ́ kejì. Aríran ni, wọ́n ní ojú méje ló ní. Méjì péré la rí, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ń ṣepin. Ó ní òun nìkan lòun máa sùn nínú yàrá náà kí òun àti àjẹ́ náà lè fojú rinjú. Kí gbogbo ará ilé lọ sùn nílé ìdáná. Kí wọ́n dí gbogbo ibi tó kù kí àjẹ́ má rọ́nà sá. Kí wọ́n sì bu ẹyin iná kún agbada méjì, nítorí òtútù ò mọ aríran.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó kọfí. Ìyá Oníkọ́ dùbúlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń retí kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n lè lé e. Òwìwí ké lórí òrùlé. Lẹ́yìn náà ni híhanrun náà rọlẹ̀, ó ń fà tìn-ìn, ó dáwọ́ dúró.

Ìyá Oníkọ́ dìde jókòó. Eku. Adìyẹ. Àbíkẹ́yìn. Ohùn ọkọ rẹ̀ wá sọ sí i lọ́kàn, ọ̀rọ̀ tí bàbá náà máa ń sọ bí wọ́n bá ti gbé iná wọlé: "Ilé kọfí gbọ́dọ̀ mí." Ọgbọ̀n ọdún ló fi rò pé torí kí kọfí má baà bu ni.

Ó mú igi gígùn tí wọ́n fi ń yí kọfí padà, ó fi gún amọ̀ ojú ihò náà títí ó fi já wọlé. Ó pe Dáwódù. Àwọn méjèèjì já ilẹ̀kùn. Olójú-Méje nà gbọọrọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí èso kọfí tó tó ká. Wọ́n wọ́ ọ jáde sínú òjò. Nígbà tó yá, ó mí, ó sì bì títí tó fi kù díẹ̀ kó bi orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ jáde.

"Iná ni," ni Ìyá Oníkọ́ wí. "Èédú tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí, ẹ̀mí èèyàn ló ń mí sínú. Bàbá rẹ mọ̀. Èmi ni mi ò bèèrè."

Dáwódù gbójú sókè wo ihò náà. Ó wá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Èmi ni mo dí i, Màmá. Ọwọ́ mi yìí."

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Àwọn ará abúlé ń gòkè bọ̀, Asọ̀rọ̀mágbèsì ló ṣíwájú. Ìyá Oníkọ́ bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ aríran náà.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ̀mí rẹ wà lára rẹ?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ ṣeun."

"Wọ́n máa bi ọ́ pé ta lo rí."

Aríran náà wò ó. Ó wo Dáwódù nínú ẹrẹ̀. Ó fọwọ́ ti ògiri dìde.

"Mo rí i," ó sọ fún wọn. "Kì í ṣe ará ilé yìí, kì í ṣe ará abúlé yìí. Inú ẹyin iná ló ń gbé. Ihò yẹn ló gbà sá lọ. Ẹni tó bá tún dí i, ó ti ránṣẹ́ pè é padà nìyẹn. Gbogbo ilé tó bá ń gbé iná sábẹ́ kọfí, ẹ lu irú rẹ̀."

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jiná, gbogbo òkè náà ń dún gbàù gbàù bíi pé wọ́n ń wó o. Asọ̀rọ̀mágbèsì lu méjì, nítorí ẹnu rẹ̀ pọ̀, kò mọ èyí tí àjẹ́ náà máa yàn.

Lálẹ́, Dáwódù wá gbé ẹní ìyá rẹ̀ pé kó wọlé wá.

"Fi í sílẹ̀. Ó rẹ̀ mí."

"Ṣé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọmọ kan ló ṣẹ́kù fún mi."

Òwìwí náà padà wá, ó yàgbẹ́ sórí kọfí. Wọ́n tún un fọ̀. Láti ọjọ́ náà, kí Dáwódù tó sùn, á gun orí àpótí, á ki ọwọ́ bọ ihò náà títí dé ìgúnpá, á fi í síbẹ̀ títí òtútù afẹ́fẹ́ ìta á fi mú un. Ìyá Oníkọ́ á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó lè mọ̀ pé òun ò tíì sùn. Ìgbà náà ni á tó sọ̀ kalẹ̀.