Agogo Olúrántí

Omi inú báfù ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ewé kan kò mì. Leah yọ ọwọ́ kúrò nínú aṣọ tó ń fọ̀.

"Ìyá, ẹ wá wo nǹkan."

Àbẹ̀kẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀, ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Ẹniọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Leah bí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ebi ló ń pa ilẹ̀, ìyàwó wa. Inú rẹ̀ ń kùn bíi tiwa."

Kò parọ́. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn Àkúrẹ́ ti kógbá sílé ni ẹnu ti gbẹ ládùúgbò. Jíbọ́lá, ọkọ Leah, ti gba Oǹdó lọ, ó ń fi ọ̀kadà wá oúnjẹ.

Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, kí wọ́n tó fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, Olúrántí, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, á lu agogo. Bí o bá ti gbọ́ ọ, sáré wọlé, tìlẹ̀kùn, kí òkúta má fò lù ọ́. Bí àwo bá kàn jó lórí pẹpẹ, ẹ̀tù kékeré ni. Bí fèrèsé bá ṣí fúnra rẹ̀, ó tóbi nìyẹn.

Agogo dún. Gbàn-ìn. Gbàn-ìn.

Olúrántí ti kú, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kí Leah rò ó jìnnà. "Wọ́n ti padà síṣẹ́! Ìyá, ẹ gbé Ẹniọlá wọlé! Bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wálé!"

Ìyá àgbà tìlẹ̀kùn. Leah dúró kó aṣọ.

Òkúta kankan kò fò. Ẹ̀tù a máa bú, a sì dákẹ́. Èyí kò dákẹ́. Abẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Àwo fọ́, fèrèsé já bọ́, ilẹ̀ gbé Leah ṣánlẹ̀. Ògiri là láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé.

"Màámi! Ilẹ̀kùn ò ṣí!"

Ilé wó.

Ràhímù, káfíńtà ìtòsí, ló bá a fọwọ́ wa eruku. Kò sí ẹni tó dáhùn nínú ilé.

"Agogo ló ní kí wọ́n wọlé," Leah ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta ló ń lù ú?"

Ràhímù kò wo ojú rẹ̀. "Ìyá Ẹniọlá, agogo wo? Inú pósí Olúrántí la fi í sí. Èmi ni mo kan ìdérí rẹ̀."

Gbàn-ìn.

Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Kí Leah tó lanu, ó gbọ́ tí àwọn ìyá nísàlẹ̀ òkè ń pe ọmọ wọn wọlé, tí ilẹ̀kùn ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan.